A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Àwọn àgbà wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Síbẹ̀, ojú mi ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí a fá orí ilẹ̀ lẹ́yìn àwọn tó ni ín, ní agbègbè Pobẹ̀ àti Sakété tiwa yìí. Abẹ tí a fi ń fá a ni ìwé kan tó nípọn, tí a kọ ní èdè Faransé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní étude d'impact. Àwa tí a ń kọ ìwé náà ni onígbàjámọ̀. Mo wà lára wọn. Nítorí náà, bí mo ṣe ń bá ẹlòmíràn wí ni mò ń bá ara mi wí.

Iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn lórí àyíká ti di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ti àjò dé ń fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo sì máa ń gbọ́ nípa wọn. Àwọn kan ní ẹni tí nǹkan kò ṣẹnuure fún ní òkè òkun ló ń wá fi orúkọ onímọ̀ràn bo ìtìjú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ tó rọrùn ni: ẹni tó bá gbọ́ Faransé dáadáa, tó sì ní kọ̀ǹpútà, ti di onímọ̀ràn. Mo lòdì sí ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n èkejì ló lè ba ilé wa jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn ẹlẹ́gàn lóhùn. Ilé wo ni a lè tọ́ka sí ní Pobẹ̀ tàbí ní Sakété tí kò ní ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Abidjan tàbí ní Libreville rí? Ní ọdún 1978, ìjọba Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin jáde. Ní 1983, Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú. Àwọn ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Benin náà kó ẹrù wọn wálé. Káfíńtà di àgbẹ̀, akọ̀wé di oníṣòwò, kò sì sí ẹni tó ka ìyípadà iṣẹ́ wọn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ sì wo Songhaï ní Àjàṣẹ́, tí gbogbo wa mọ̀. Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dominican ọmọ Nàìjíríà, tó ti ń kọ́ni ní yunifásítì ní California, ló dá a sílẹ̀ ní 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ìmọ̀ ẹ̀rọ mànàmáná wà lára ohun tó kọ́. Ilẹ̀, ẹja àti ajílẹ̀ ló wá mú lọ́kùn-únkúndùn. Ta ló lè sọ pé ó sọ ọ̀nà nù?

Ní tèmi, mo ka igi gẹdú ní èbúté ní Gabon, mo ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lóru ní Faransé, mo sì fi ọdún mẹ́ta ṣa pàǹtí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀. N kò kábàámọ̀ ọ̀kankan nínú wọn. Èbúté kọ́ mi pé ohun tí a kò kà kò ṣeé béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pàǹtí kọ́ mi pé ohun tí a jù nù kì í lọ. Ibòmíràn ló ń lọ. Ẹni tó ti mí eruku sínú ní ibi iṣẹ́ rí kò nílò kí ìwé ṣàlàyé eruku fún un. Nítorí náà, ẹni tó ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ní àjò ní ohun kan lọ́wọ́ tó wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó ní lọ́wọ́ kò tó láti fi pe ara rẹ̀ ní onímọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà mi wà.

Òfin kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ irú àyẹ̀wò yìí di òfin, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Nàìjíríà gbé tirẹ̀ jáde ní 1992, lẹ́yìn tí a ti bá ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ Ítálì ní Koko ní 1988. Ní Benin, àpilẹ̀kọ 27 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1990 sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára, ojúṣe wọn sì ni láti gbèjà rẹ̀. Òfin 98-030 ti ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1999 ló wá la ọ̀nà iṣẹ́ náà. Ẹni tó fẹ́ gbé ilé-iṣẹ́ tàbí ọ̀nà tuntun kalẹ̀ yóò gba àwọn onímọ̀ràn. Wọn yóò wo ilẹ̀, omi, ewéko, ẹranko àti ìgbé ayé àwọn ènìyàn. Wọn yóò sọ ohun tí iṣẹ́ náà lè bàjẹ́ àti bí a ó ṣe dènà rẹ̀. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún ìpàdé ìta gbangba kí àwọn ará ìlú lè sọ tẹnu wọn. Àjọ tí a ń pè ní ABE yóò yẹ ìwé náà wò, mínísítà yóò sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Ó dára lórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i lórí ilẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọ iṣẹ́ yìí, ọ̀gá mi fún mi ní ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ kan, ó ní kí n yí orúkọ ibẹ̀ padà. Ilé epo ni oníbàárà wa fẹ́ kọ́ sí abúlé kan tí kò jìnnà sí Pobẹ̀, pẹ̀lú àgbá ńlá tí wọn yóò rì sínú ilẹ̀. Mo ṣe bí wọ́n ti wí. Wákàtí méjì ni mo lò ní abúlé náà. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá túmọ̀ ìwé tó lé ní àádọ́jọ ojú ewé sí Yorùbá. Ìyá àgbà kan dìde, ó ní: «Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Kànga tí à ń mu, ojú ewé wo ni ẹ kọ ọ́ sí?» Mo ṣí ìwé náà. Kò sí kànga níbẹ̀. Yanrìn etí òkun ni mo bá, àti àwọn apẹja ọ̀sà, nítorí pé etí òkun ni wọ́n ti kọ ìwé àkọ́kọ́. Mo ní: «Ẹ forí jì mí, ìyá. N kò kọ ọ́.» Ó ní: «Ṣé ẹ̀yin kì í mu omi ni?»

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe yanrìn. Amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ni. Bí òjò bá rọ̀, ó ń wú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó ń là débi tí ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Ohun tí a bá rì sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ìsinmi: páìpù lè ṣẹ́, epo sì lè wá ọ̀nà bá kànga. Gbogbo àgbẹ̀ tó wà ní ìpàdé náà ló mọ bí amọ̀ yẹn ṣe ń ṣe. Èmi tí wọ́n sanwó fún ni n kò mọ̀. A padà lọ, a wọn ilẹ̀, wọ́n sì gbé ààyè àgbá náà kúrò lọ́nà kànga. Àdéhùn èmi àti ọ̀gá mi kò kọjá oṣù náà, n kò sì bínú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wo igi kan ṣoṣo, wọn kò sì tíì ní àwọn ti mọ̀ ọ́n tán. Kí ló dé tí àwa fi rò pé a lè mọ abúlé kan ní wákàtí méjì?

Mo mọ àwíjàre tí wọn yóò mú wá. Wọn yóò ní oníbàárà ló ń sanwó, kò sì fẹ́ ìdádúró. Òótọ́ ni pé ẹni tí a ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ló ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àléébù ńlá nìyẹn nínú ètò náà. Ṣùgbọ́n nítorí àléébù yẹn gan-an ló fi yẹ kí ojú àwọn ará abúlé wà lára wa. Oníbàárà tó yára kọ́lé lónìí, tí epo rẹ̀ wọ kànga lọ́la, yóò san ju owó ìdádúró lọ.

Wọn yóò tún ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún irú ìmọ̀ yìí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èdè tó ya ẹgàn sọ́tọ̀ kúrò lára igbó, tó ya ọ̀dàn sọ́tọ̀ kúrò lára àkùrọ̀, tó mọ ilẹ̀dú yàtọ̀ sí amọ̀, kì í ṣe òtòṣì nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ohun tí kò sí ni àwọn tó fẹ́ jókòó kọ ọ́. Àpilẹ̀kọ 11 nínú òfin ìpìlẹ̀ fún wa ní òmìnira láti lo èdè wa lẹ́nu àti ní kíkọ. Ní 2012, ìjọba fi àṣẹ kan gba igbó àwọn òrìṣà wa mọ́ ohun tí òfin ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ibi tí ààlà igbó Orò wà fún àlejò tó ń fi Faransé béèrè, tí kò sì kí ẹnikẹ́ni kó tó béèrè?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa dìde sí. Èkíní, kí a bá àwọn mẹ́yọ̀ Pobẹ̀ àti Sakété sọ̀rọ̀, kí ìwé àyẹ̀wò kankan má ṣe dé ìpàdé ìta gbangba láìsí àkékúrú rẹ̀ ní Yorùbá, tí a ti kà sétí ìlú ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú. Níbi tí èdè Gun bá ti gbilẹ̀, kí ó wà ní Gun pẹ̀lú. Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti àyíká ní Abomey-Calavi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi àti ewéko jọ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀, kí ìwé yìí sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin tí ẹ ń ti àjò bọ̀, tí ẹ fẹ́ yí iṣẹ́ padà: ẹ wá, àyè wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi yín ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ṣẹ́ fún òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kí ẹ tó fi orúkọ yín sábẹ́ ìwé. Ẹ bá àgbẹ̀ lọ sóko. Ẹ wá ẹni tó mọ omi àti ẹni tó mọ ewéko, kí ẹ jọ ṣe é.

Bí ẹ bá sì dé abúlé, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n fi kànga hàn yín. Olórí wà níbẹ̀. Ẹ má fá a lórí lẹ́yìn rẹ̀.