Òkè Kò Wọ́n Ní Òkè-Ògùn, Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Ló Ń Parẹ́

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìrìn-àjò afẹ́ ní Òkè-Ògùn, adágún Ìyákè tó wà lórí òkè Àdó-Àwáyè ni ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ já sí. Àwọn oníròyìn á ní irú adágún orí òkè bẹ́ẹ̀ kò ju méjì lọ ní gbogbo àgbáyé, pé ìkejì rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n á ka àtẹ̀gùn òkè náà, wọ́n á ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bóyá méjì ni o, bóyá ogún ni, kò kan ẹni tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́sẹ̀ òkè. Ohun tó yẹ kí Òkè-Ògùn rí kọ́ lára Colorado gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í mẹ́nu bà.

Hanging Lake ni wọ́n ń pe adágún ti Colorado yẹn. Ó wà lókè àfonífojì tóóró kan tí odò gbẹ́ sáàárín àpáta. Mọ́tò kò dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni tọmọdé tàgbà fi ń gun òkè náà, ọ̀nà rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ. Nígbà tí èrò wá pọ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ ba ibẹ̀ jẹ́, àwọn alábòójútó dá iye kan ní 2019: èèyàn 615 péré ló lè gùn ún lóòjọ́, olúkúlùkù yóò sì ti san dọ́là 12, yóò ti gba ìwé àṣẹ, kí ó tó gbéra. Ní 2021, ẹrẹ̀ àti òkúta ya lulẹ̀ láti orí òkè, ó ba ọ̀nà náà jẹ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2022. Gbogbo wàhálà yìí, nítorí ọ̀nà ẹsẹ̀ kìlómítà méjì.

Ní Òkè-Ògùn, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n orí àwọn àgbà ni máàpù wọn wà. Ẹni tó bá ti Ìsẹ́yìn ń bọ̀ ní agbègbè Òkèhó àti Ìlùà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, yóò rí àwọn àpáta ńláńlá tó yọ orí sókè nínú ilẹ̀ ọ̀dàn, yóò rí igi èmi àti igi ìrú, yóò rí oko ẹ̀gẹ́ àti ti àgbàdo. Ohun tí kò ní rí láti ojú títì ni àwọn ọ̀nà tó so abúlé kan pọ̀ mọ́ èkejì kí títì tó dé: ọ̀nà oko, ọ̀nà odò, ọ̀nà ọjà, ọ̀nà tí àwọn àna ń gbà bẹ ara wọn wò. Ọ̀kadà ló ń gbé àgbẹ̀ lọ sóko báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìyá arúgbó máa fi orí ru iṣu kìlómítà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀kadà kò bá lè gbà, igbó ń bò ó. Bí igbó bá sì ti bo ọ̀nà, orúkọ àwọn àpáta, àwọn odò kéékèèké àti ibi ìsinmi tó wà lójú ọ̀nà náà ń tẹ̀ lé e lọ, nítorí ẹni tí kò gba ibẹ̀ kọjá kò ní ìdí láti dárúkọ wọn fún ọmọ rẹ̀.

Èyí tó burú jù lára àdánù náà ni ti Òkèhó. Ìlú yìí kì í ṣe ìlú kan tẹ́lẹ̀. Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ará Dahomey àti àwọn Fúlàní ń kó èèyàn lẹ́rú, àwọn ìlú kéékèèké mọ́kànlá kó ara wọn jọ sáàárín òkè, kí àpáta lè jẹ́ odi fún wọn. Àwọn àdúgbò Òkèhó òde òní ṣì ń jẹ́ orúkọ àwọn ìlú àtijọ́ wọ̀nyẹn. Lóṣù kẹwàá ọdún 1916, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhó dìde sí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀, iṣẹ́ àfipáṣe, àti agbára tí wọ́n gbé lé àwọn olóyè kan lọ́wọ́ ju bí àṣà ṣe fún wọn lọ, ló bí wọn nínú. Wọ́n pa ọba Òkèhó nínú rògbòdìyàn náà. Ìjọba kó ṣọ́jà dé, wọ́n sì fi ìyà ńlá jẹ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Àpáta tó gba àwọn baba wọn lọ́wọ́ ogun ni ìjọba wá rí gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọlọ̀tẹ̀ lè sá pamọ́ sí. Ní 1917, wọ́n mú kí gbogbo ìlú ṣí wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí Òkèhó wà títí dòní. Ibùdó orí òkè di àhóro.

Ní 2017, àwọn ọmọ Òkèhó ṣàjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ìṣípòpadà náà, ohun tó sì yẹ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí odidi ìlú kan gbà sọ̀ kalẹ̀, tẹrù tẹrù, tọmọ tọmọ, kò yẹ ní ohun tí wọn yóò máa rántí lọ́jọ́ àjọyọ̀ nìkan. Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní 1923. Lónìí, àwọn àlejò ń sanwó gun àtẹ̀gùn lọ wo ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè. Òkèhó kò ní ìtàn tó kéré sí ti Ìdànrè. Bí a bá tilẹ̀ fi ojú òṣèlú wò ó, ìtàn tirẹ̀ tún le jù.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ìjọba tètè lọ sí Ìkéré Gọ́ọ̀jì, níbi tí odò Ògùn ti gba àárín òkè kọjá. Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́. Odò náà ṣẹ̀ láti orí òkè nítòsí Ṣakí, ó sì gba inú Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé kọjá, ọgbà tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ṣùgbọ́n Ìkéré gan-an ló yẹ kó kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ ìsédò síbẹ̀, pé yóò fún wọn ní omi mímu, omi oko àti iná mànàmáná. Omi kún, àwọn apẹja rí ẹja pa, ṣùgbọ́n ìlérí iná kò ṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun ńlá a máa dúró de Àbújá. Ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín Àhóro Òkèhó, Òkèhó àti Ìlùà kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fò dá. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgàngàn ní Ìbàràpá lóṣù kẹfà ọdún 2021 kò ní fi ẹ̀rín gba ẹni tó ní kí ó wá rìn nínú igbó. Ilẹ̀ àwọn Dogon ní Mali sì jẹ́ àpẹẹrẹ tó ń dẹ́rù bani. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àlejò láti Yúróòpù ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé lẹ́bàá òkè Bandiagara, wọ́n ń sùn lórí òrùlé ilé onílé, ọmọ abúlé ló sì ń fọ̀nà hàn wọ́n. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 lé gbogbo wọn lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti inú igbó ọba bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìlú ti súnmọ́ra, tí oko wà lọ́tùn-ún lósì, tí àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ àti Àmọ̀tẹ́kùn ti mọ ẹsẹ̀ àjèjì yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ onílé, ni kí wọ́n kọ́kọ́ là. Ọ̀nà tí onílé pa tì, ẹlòmíràn lè máa rìn ín lóru.

Ohun tó tún ń bani lẹ́rù ni bí ìjọba ṣe máa ń ṣe nǹkan. Wọ́n á kọ́ ẹnu-ọ̀nà ńlá, wọ́n á gbé pátákó tó ní àwòrán olóṣèlú síbẹ̀, agbaṣẹ́ṣe á gbowó, igbó á sì bo ọ̀nà gan-an. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ dá a lé. Owó tí àlejò bá san gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn abúlé tí ọ̀nà gbà kọjá: ọdẹ tó fọ̀nà hàn án, obìnrin tó se ọbẹ̀ fún un, àgbẹ̀ tí ọ̀nà la oko rẹ̀ kọjá. Àgbẹ̀ yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí bí àlejò bá tẹ ebè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi ẹ̀gún dí ọ̀nà náà, kò sì ní jẹ̀bi.

Iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà mú àgbà méjì mẹ́ta láti Òkèhó àti Ìlùà, ọdẹ mélòó kan, àti ọ̀dọ́ kan tó lè fi fóònù ya máàpù. Kí wọ́n rìn ín nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ tó jó pápá. Kí wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sára àpáta níbi tí ọ̀nà bá ti yà, kí wọ́n sì kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí àwọn àgbà náà bá ṣe ń pè é, nígbà tí wọ́n ṣì lè gun òkè náà fúnra wọn.