Ọmọ Tó Fẹ́ Gun Power Bike, Ẹ Jẹ́ Kó Kọ́kọ́ Gun Kékeré

Àwọn òbí tó ń kọ̀wé sí wa lórí ọ̀rọ̀ power bike ti pọ̀ débi pé a ò lè máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. "Dádì, ẹ bá wa bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀." Ẹnìkan tilẹ̀ ní ká gbàdúrà kí ẹ̀mí alùpùpù jáde lára ọmọ òun. Ẹ dákun, a ò mọ ẹ̀mí kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì fẹ́ràn alùpùpù, ìyẹn ò sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, kò sì sọ ọ́ di ọmọ yahoo. Ẹ yé e fún wọn lórúkọ tí kì í ṣe tiwọn.

Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́rin, a ti sin ọmọ méjì nínú ìjọ wa. Kò sí èyí tó pé ọgbọ̀n ọdún nínú wọn. Orí alùpùpù 1000cc ni àwọn méjèèjì kú sí, kò sì sí èyí tó ti gun alùpùpù kankan fún ọdún kan kó tó lọ gbé ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Èrò tiwa nìyí, ẹni tó bá ní òmíràn kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, a máa kà á. Bí ọmọ bá máa gùn ún dandan, kó lọ wá èyí tó kéré, tó ti lo ọdún díẹ̀ láyé, bíi 250cc, kó gùn ún fún ọdún méjì gbáko kó tó máa sọ̀rọ̀ 600 tàbí 1000. Ẹ jẹ́ ká fi Kawasaki Ninja 250 ṣe àpẹẹrẹ. Láti 1988 títí dé 2007, irú kan náà ni wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà lára rẹ̀. Ní 2008 ni wọ́n tó tún un ṣe, nígbà tó sì di 2013 wọ́n gbé 300 wá. Sílíńdà méjì, gíà mẹ́fà, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí ti ẹṣin 30. Àwọn ọ̀dọ́ á gbọ́ 30, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ farabalẹ̀ ná. Bajaj Boxer 100 tí ọlọ́kadà fi ń gbé èrò méjì pẹ̀lú àpò gàrí, agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin 9. Ìlọ́po mẹ́ta ọ̀kadà lẹ pè ní kékeré yẹn! Ó lè sá tó 150 kìlómítà ní wákàtí kan. Títì wo lẹ fẹ́ sá jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀, níbi tí tírélà ti ń gba one-way bọ̀ lálẹ́ láìtan iná?

1000cc ní tirẹ̀ lágbára ju ẹṣin 150 lọ. Nínú gíà kìíní nìkan ó lè kọjá 130. Ẹ wá ro kòtò ojú títì wa mọ́ ọn. Bí táyà bá já sí kòtò, ara máa ń ta, ọwọ́ ọ̀tún tó di ibi iná mú á sì yí láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí 250, alùpùpù á kàn sún síwájú díẹ̀, ọmọ á kígbe "Jésù!", á sì máa lọ. Lórí 1000, táyà iwájú ti kúrò nílẹ̀ kó tó pe orúkọ náà tán.

Kí ló wá dé tí wọn ò fẹ́ kékeré? Ojú ayé ni. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀kadà ni wọ́n gùn. Ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n, alùpùpù tí kò bá ju 250cc lọ kì í lọ fún àyẹ̀wò ìjọba tí wọ́n ń pè ní shaken, àyẹ̀wò tó ń náni lówó gidi. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ibẹ̀ fi kó ọgbọ́n wọn sórí 250 láyé ọdún 1980 sí 1990. CBR250RR tí Honda gbé jáde ní 1990, sílíńdà mẹ́rin ló ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè yí ju ẹgbẹ̀rún 18 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ìyẹn wé ọ̀kadà, ká gbọ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Britain mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni ọdún 17 níbẹ̀, 125cc ni òfin gbà fún un. Ó di 19 kó tó gun èyí tó lágbára díẹ̀ sí i, ẹni tó bá sì fẹ́ bọ́ sórí ńlá tààrà, ó di ọdún 24. Níbí ńkọ́? Class A kan náà ló wà fún ọ̀kadà àti fún 1000. Bí ìjọba ò bá ṣe àtẹ̀gùn, àwa òbí àti àwa olùṣọ́àgùntàn lè ṣe é nínú ilé wa.

Ní 1981, Harry Hurt ti Yunifásítì Southern California gbé ìwádìí kan jáde. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ sójú ibi ìjàǹbá alùpùpù bí 900 ní agbègbè Los Angeles. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní ìjàǹbá náà, 92 ni olùkọ́ kankan ò kọ́: àwọn fúnra wọn, tàbí ẹbí, tàbí ọ̀rẹ́ ló kọ́ wọn. Ó sì ju ìdajì lọ tí kò tíì lo oṣù márùn-ún lórí alùpùpù tí wọ́n fi ní ìjàǹbá ọ̀hún.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ "àtijọ́" kó rò pé ọ̀fẹ́ ni o. Táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́mbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2309, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Táyà bẹ́ẹ̀ lè máa dán, kí ilà rẹ̀ jinlẹ̀, síbẹ̀ kó ti le bí igi. Bí òjò bá rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti yọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi dídán tàn yín jẹ.

Ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ tún wà ńbẹ̀. Bí epo bá jókòó sínú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìgùn ún, epo á ki, á lẹ̀, á dí ihò tíntìntín tí epo ń gbà kọjá. Ẹ́ńjìnnì ò ní jí láàárọ̀. Mẹkáníìkì ọlọ́kadà á wò ó, á ní ẹ́ńjìnnì ti kú, á sì fẹ́ tú u. Kò kú o jàre! Kábúrétọ̀ ló ń fẹ́ kí wọ́n fọ òun. Lásìkò ọyẹ́ ẹ máa ṣí ibi tó ń gba atẹ́gùn wò, erùpẹ̀ á ti kún un. Omi búrẹ́ẹ̀kì, ọdún méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Páàtì ọ̀kadà kún Nnewi, ó kún ìsàlẹ̀ ilé yín pàápàá. Ti 250 àtijọ́ ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè dúró de páàtì kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, ẹni tó ní owó mẹ́ta, kó fi méjì ra alùpùpù, kó fi ẹyọ kan pa mọ́ fún un. Kó sì rí i pé nọ́mbà ara ṣáásì bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu kó tó kówó sílẹ̀.

Akoto ńkọ́? Ẹ ó rántí January 2009, nígbà tí wọ́n fi dandan lé akoto, tí àwọn ọlọ́kadà kan lọ dé igbá sórí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Títí di òní, ike tí àwọn míì ń dé kò sàn ju igbá ọ̀hún lọ. Ẹ wá èyí tó ní àmì DOT tàbí ECE lára. Àṣíborí tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé rẹ̀ sí àwọn ará Éfésù, ti ẹ̀mí ni; ti agbárí yìí, ọjà la ti ń rà á.

Láti Sátidé tó ń bọ̀, pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì máa ṣí sílẹ̀ láti aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Arákùnrin kan tó ti ń gun alùpùpù fún ogún ọdún máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tẹ búrẹ́ẹ̀kì iwájú àti bí wọ́n ṣe ń gba kọ́nà. 250 sísàlẹ̀ nìkan la fẹ́ rí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní akoto, kó gbé àga, kó jókòó wòran.