Eré ọ̀nà jíjìn: Kí ló ń mú kí sárésáré pẹ́ lójú ọ̀nà lẹ́yìn ọjọ́ ìdíje?

Ní oṣù Kejì ọdún 2016 ni ìdíje Marathon ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ìdíje oníkìlómítà 10 ti Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Edo ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Àwọn ọmọ Kẹ́ńyà àti Ethiopia ló sábà máa ń gba ipò kìíní níbẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, àwọn ará ìpínlẹ̀ Plateau ló sábà máa ń ṣáájú. Àmọ́ ìbéèrè tó ṣe kókó ni ti àwọn yòókù: níbo ni wọ́n ń gbà lọ tí wọ́n bá ti ṣí pópó padà fún ọkọ̀?

Ṣé òkè nìkan ni?

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé orí òkè ni àwọn tó ń borí ti dàgbà, níbi tí ara ti kọ́ láti fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà sí ìtẹ́jú òkun. Iten ní Kẹ́ńyà ga tó 2,400. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkè kì í kọ́ni ní eré. Ní 1976, Colm O'Connell wá láti Ireland sí ilé ẹ̀kọ́ St Patrick's ní Iten. Ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì ló wá kọ́ àwọn ọmọ, kì í ṣe eré sísá. Síbẹ̀ ó dúró tì wọ́n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni David Rudisha gbà kọjá kó tó sá 800 mítà ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 40.91 ní London lọ́dún 2012. Ní Iten, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń sáré: ògbóǹtarìgì àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jọ ń wà lójú ọ̀nà kan náà.

Níbo ni okùn ti ń já ní Nàìjíríà?

Ọmọ tó ń sáré nílé ìwé ní olùkọ́, ó sì ní ojúgbà. Tó bá jáde tán tí kò sì gba àmì ẹ̀yẹ, kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù òkùnkùn ìdájí ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró. Ní Plateau fúnra rẹ̀, ìkọlù tó ti wáyé láwọn ìgbèríko kò jẹ́ kí ọkàn balẹ̀ lójú gbogbo ọ̀nà.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń péjọ ní ìdájí òpin ọ̀sẹ̀ ní Abuja, Èkó àtàwọn ìlú mìíràn ń dí àlàfo yìí. Agbára wọn kò sí nínú eré àsápajúdé. Ẹni tí kò bá wá, wọn a béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ̀, wọn a dúró dè é. Obìnrin kò ní dá rìn. Ẹni tó bímọ tàbí tó fara pa yóò sì bá àyè rẹ̀ nílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá níwọ̀nba lọ́sẹ̀, tàbí 75 tó bá le. Ìdíje ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò lè ṣe èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ìjọba kò nílò owó ńlá láti ran irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kí wọ́n ṣí pápá ìṣeré sílẹ̀ ní ìdájí, kí wọ́n dí ojú ọ̀nà kan fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì gba àwọn sárésáré tó ti fẹ̀yìn tì láti máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá ọ̀dọ́ Jos tó gbé ipò ogójì jí lọ́jọ́ kejì ìdíje, ibẹ̀ ni eré rẹ̀ parí sí.