Kí Ló Wà Nínú Abọ́ Ọmọ?

Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ oṣù márùn-ún nílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè kan ni àwọn àgbà obìnrin máa ń bi ìyá rẹ̀: "Ṣé ó ti ń mu ẹ̀kọ?" Ìyá ìyá á béèrè, ìyá ọkọ á béèrè, alájọgbé tó kàn ń kọjá lọ náà á béèrè. Bí ìyá bá ti lè dáhùn pé ó ti ń mu ún, gbogbo wọn á dúpẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tún béèrè pé kí ni wọ́n fi sínú ẹ̀kọ náà. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú abọ́ yẹn ló máa sọ bóyá ọmọ á dàgbà bó ṣe yẹ tàbí kò ní lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tó yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ kò lọ́jú pọ̀. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ń sọ pé kí ọmọ mu ọmú ìyá rẹ̀ nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni kí oúnjẹ wọlé, kí ọmú má sì dáwọ́ dúró títí ọmọ á fi pé ọdún méjì, ó kéré tán. Àwọn nọ́ọ̀sì wa ti kọ́ àwọn aláboyún ní ẹ̀kọ́ yìí ní àkọ́túnkọ́. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba tó kárí Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye mìíràn wà nínú ìwádìí kan náà tó yẹ kó tún bà wá nínú jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí 23, 11 péré ni oúnjẹ òòjọ́ wọn dé ìwọ̀n tó kéré jù tó yẹ ọmọdé, ní onírúurú àti ní iye ìgbà tí wọ́n ń jẹun pa pọ̀. Àwọn 89 tó kù ń jẹun o. Ohun tí wọ́n ń jẹ ni kò tó.

Oṣù mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnì kan kàn mú ṣá. Ọmọ tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án nínú ìyá rẹ̀ máa ń gbé èròjà irin tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wáyé nínú ara. Nígbà tó bá fi tó oṣù mẹ́fà, èyí tó gbé wá ti ń tán lọ. Omi ọmú dára ju gbogbo oúnjẹ ọmọ lọ, ṣùgbọ́n irin tó wà nínú rẹ̀ kéré. Láti ìgbà náà lọ, inú oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ máa rí irin: nínú ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà. Bí abọ́ bá ṣófo nínú ìwọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní àsìkò tí ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lójú méjèèjì.

Kí wá ni ògì lè fún un? Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń ṣe é. A ó rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èèrí tó kù lórí aṣọ, ewúrẹ́ àti àgùntàn la máa ń dà á fún. Nínú èèrí yẹn ni ojú àgbàdo ń bá lọ, pẹ̀lú púpọ̀ nínú purotéènì, ọ̀rá àti irin tó wà nínú ọkà náà. Èyí tó kù fún ọmọ, agbára ló ń fúnni. Kò ní ohun púpọ̀ tó ń mọ ẹran ara. Ìyẹn nìkan kọ́. Nítorí kí ó lè rọrùn láti gbé mì, a máa ń po ó kó ṣàn bí omi. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́jọ kò gbà ju nǹkan bí ife kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí omi bá ti gba ife náà tán, ọmọ á yó, á gùnfẹ̀, á sùn, ebi á sì wà nínú ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí wọ́n bí ní Jamaica, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn ọmọdé ní Gold Coast, orílẹ̀-èdè tó di Ghana lónìí. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, irun wọn ń pọ́n, awọ ara wọn ń bó, wọn ò sì fẹ́ ṣeré mọ́. Oúnjẹ àgbàdo kíkan, tó fara jọ ẹ̀kọ tiwa gan-an, ni wọ́n fi ń tọ́ wọn. Àìsàn náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí kwashiorkor.

Ilé tiwa náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù, wọ́n ń kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ tí ọmú ń gbé wọn, àwọn ọmọ náà ń dàgbà dáadáa. Nígbà tí ọmú nìkan kò tó mọ́ ni ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti jáde, èyí tí ìyá ń tọ́jú sílé nínú ọ̀rá, tó sì wá tàn kálẹ̀ káàkiri ayé. Káàdì tó ń sọ ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Kò yẹ kó jẹ́ àwa la ó kẹ́yìn láti gbọ́ ohun tó ń sọ.

Kò sí ẹni tó ní ká da ògì nù. Ó rọ̀, ó rọrùn láti gbé mì, ó sì wà ní gbogbo ọjà. Ohun tó yẹ ni pé kí a má fi lásán fún ọmọ. Kí ẹ̀kọ náà ki débi pé kò ní ṣàn dànù lórí ṣíbí. Kí a fi edé tàbí ẹja gbígbẹ lílọ̀ sí i, tàbí ẹyin tó jinná dáadáa, tàbí ẹ̀wà sóyà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Oṣòdì, FIIRO, ti ṣe ògì alásóyà láti ìgbà pípẹ́, kò sì sí ohun tó ní kí ìyá má ṣe tirẹ̀ nílé. Epo pupa ṣíbí kékeré kan á fi agbára àti fítámì A kún un. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kúrò lórí ẹ̀kọ nìkan: gbẹ̀gìrì tí kò ní ata, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ọ̀dùnkún tí a gún pẹ̀lú ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́ ló tó láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ; ó di mẹ́ta sí mẹ́rin láti oṣù kẹsàn-án lọ.

Ìdí tí abọ́ fi ń ṣófo kì í ṣe owó nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ṣì gbà pé ọmọ tó bá tètè mọ adùn ẹyin àti ẹran á di olè. Ẹran ńlá á lọ sínú àwo bàbá, omi ọbẹ̀ á kan ọmọ. Ó yẹ kí ọkùnrin gbọ́ èyí: ègé ẹja kan tó kúrò nínú àwo àgbà kò ní pa àgbà lára, ṣùgbọ́n ó lè tó ọmọ oṣù méje fún odindi ọjọ́. Olè kò sí nínú ẹyin.

Ọ̀nà tí a ń gbà fún un tún ṣe pàtàkì. Rírọ ọmọ, kí ìyá tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, kó fi ọwọ́ dí i nímú, kó máa da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ìfẹ́ àti ìkánjú ló bí i, nítorí ọjà ń dúró de ìyá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ké bí ẹ̀kọ ti ń wọlé lè fà á sí ẹ̀dọ̀fóró. Kí ọmọ jókòó, kí ojú ìyá kan ojú rẹ̀, kí ṣíbí kékeré máa lọ bọ̀. Bó bá yí orí padà, kí a dúró fún un.

Oyin náà ńkọ́? Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń fi í kan ọmọ lẹ́nu. Oyin lè ní hóró kòkòrò àrùn Clostridium botulinum nínú. Ikùn àgbà lè borí rẹ̀. Nínú ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ó lè hù, kó sì tú májèlé tó ń dá iṣan dúró, títí kan èyí tí ọmọ fi ń mí. Kí alàgbà fi oyin ṣàdúrà, kí ìyá àti bàbá tọ́ ọ wò lórúkọ ọmọ. Àdúrà náà kò ní dín.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì nílò ilé ńlá. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ibà pọ́njú di oṣù kẹsàn-án. Inú àlàfo yẹn gan-an ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, tí ìyá sì dá wà pẹ̀lú ìmọ̀ràn àdúgbò. Fítámì A tí ó yẹ kí ọmọ gbà ní oṣù kẹfà lè dí àlàfo náà, bí a bá sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ tí a ń se oúnjẹ ọmọ. Kí gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba ìbílẹ̀ gbé sítóòfù kan, ògì, ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí nọ́ọ̀sì se é lójú àwọn ìyá, kí àwọn ìyá àgbà tó bá wọn wá náà jókòó wò ó, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ ṣíbí mélòó kan kó tó kúrò níbẹ̀.