Owó Orí Òṣìṣẹ́ Tí A Rán Lọ sí Ìdálẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì tí àwọn agbanisíṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́: ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tún ọ̀nà ṣe. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ojú-ìwé yìí ni ilé-iṣẹ́ gbé láti Ìbàdàn tàbí Èkó wá sí Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Màídúgùrí. Wọ́n fún yín ní lẹ́tà, wọ́n fún yín ní owó ọkọ̀, wọ́n tilẹ̀ bá ẹlòmíràn wá ilé. Ọ̀rọ̀ owó orí nìkan ni a kì í sábà gbọ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó sọ.

Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni owó orí rẹ̀ ń lọ. Kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí a ti bí i, kì í sì í ṣe ìlú tí olú ilé-iṣẹ́ wà. Nígbà tí wọ́n tún òfin owó orí ti 1993 ṣe ní 2011, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́, ìpínlẹ̀ tí ẹ̀ka náà wà ni a ó kà á sí. Bákan náà ni ti ibùdó iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá dín ní 50, bí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé tàbí tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026, ti gba ipò òfin àtijọ́, ṣùgbọ́n kò fa òpó yìí tu: ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ni owó orí rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí ó rọrùn fún akọ̀wé owó oṣù ní olú ilé-iṣẹ́ ni kí ó ko orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí ó sì san gbogbo rẹ̀ fún ìjọba kan. Ìjọba tí ó gbà á kò ní bínú. Òṣìṣẹ́ náà kò sì mọ̀, nítorí wọ́n ti yọ owó náà kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ilẹ̀ ní ìlú tí ó ń gbé, tàbí tí ó fẹ́ gba iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, ni wọn yóò bi í léèrè ìwé-ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta. Wọn yóò yẹ ìwé wọn wò, wọn kò ní rí orúkọ rẹ̀. Ọmọlúàbí tí wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò wá di ẹni tí wọ́n ń pè ní olè owó orí.

Fún ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Nígbà tí àríyànjiyàn bá dé lórí ta ni onílé, ta ni àlejò, risíìtì owó orí wà lára ẹ̀rí pé ẹni náà ń bá ìlú gbé ẹrù ìlú. A mọ̀ pé inú àwọn kan ń dùn bí owó orí wọn bá ń lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun, wọ́n ní ilé ni àwọn ń tún ṣe. Ìfẹ́ ilé dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ilé-ìwé ìjọba tí àwọn ọmọ wọn ń lọ, ilé ìwòsàn tí ìyàwó wọn bímọ sí, èwo nínú wọn ni owó Ọ̀yọ́ kọ́? Ẹni tí ó bá fẹ́ ran ilé lọ́wọ́, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ń dá owó.

Ti ẹni tí a rán kọjá òkun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọkọ̀ òfúrufú bá ti gbéra, owó orí Nàìjíríà ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin tuntun, ẹni tí ó ní ibùgbé títí níhìn-ín, tàbí tí ìdílé àti ọrọ̀ ajé rẹ̀ fìdí múlẹ̀ síhìn-ín, olùgbé Nàìjíríà ni a ṣì kà á sí, bí kò tilẹ̀ lo ọjọ́ 183 nílé. Ìjọba sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó orí lórí ohun tí ó bá rí gbà níbikíbi láyé. Orílẹ̀-èdè tí ó lọ náà yóò máa béèrè tirẹ̀.

Àwa àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àdéhùn láti 1987 kí a má baà gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà. Bí òṣìṣẹ́ kò bá lò ju ọjọ́ 183 lọ níbẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe olùgbé ibẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹ̀ka tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń ru owó oṣù rẹ̀, Nàìjíríà nìkan ni yóò gba owó orí náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ di méjì. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa àti Kánádà, Ṣáínà àti Gúúsù Áfíríkà. Kò sí láàárín wa àti Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá rán ènìyàn lọ síbẹ̀ fún ọdún méjì láìṣírò èyí, gbèsè ni ó rán an lọ jẹ.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí agbanisíṣẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí òṣìṣẹ́ tó di ẹrù rẹ̀: ìjọba wo ni a ó san owó orí fún, ta ni yóò sì fara gbá a bí ìjọba méjì bá jọ béèrè. Kí ó san owó náà kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá, kí ìwé ìṣirò ọdún sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní tó kọjá, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Àwọn àjọ agbowó-orí náà ní ẹjọ́ tiwọn láti jẹ́. Bí owó bá ti ṣèèṣì lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn méjèèjì ni kí wọ́n jọ yanjú rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe ní kí òṣìṣẹ́ tún un san.

Ní ti ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín lóṣù yìí, ìjọba wo ni wọ́n ń san owó orí yín fún. Ẹ yẹ ìṣirò náà wò pẹ̀lú: kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Ẹni tí ó ń háyà ilé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín, lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi owó ilé náà han ilé-iṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò yọ ọ́ fún un. Kí ẹ sì gba ìwé ti ọdún mẹ́ta tí ó kọjá mọ́ ọn, nítorí òun ni ìpínlẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi yín léèrè.