Góòlù kan péré ni Benin fi pàdánù Ife Àgbáyé

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2026 ni Íjíbítì lé Benin kúrò nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ìlú Agadir, ní ilẹ̀ Mòrókò. Góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àkókò kún eré náà. Láti ìgbà yẹn, bí èèyàn bá yà sí ọjà Bassila, tàbí tó bá àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò jókòó ní Manigri, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gbọ́: àwọn ọmọ wa ń sáré, wọ́n ń làágùn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í wọ àwọ̀n.

Inú ń bí wọn, ó sì tọ́ kó bí wọn. Ẹni tó dá owó epo jẹnẹrétọ̀ kí àdúgbò lè rí bọ́ọ̀lù wò, ẹni tó tilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tí oníbàárà ṣì ń bọ̀, ohun tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ fò sókè ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí á jọ ṣírò ọ̀rọ̀ náà bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò ọjà rẹ̀ lálẹ́, kí á lè mọ ibi tí owó ti ń jò gan-an.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Benin ti lọ sí Ife Áfíríkà: 2004, 2008, 2010, 2019 àti èyí tó parí yìí. Eré 18 ni wọ́n gbá níbẹ̀ lápapọ̀. Góòlù 9 ni wọ́n jẹ. Lọ́dún 2004, ẹyọ kan nínú eré mẹ́ta. Lọ́dún 2008, ẹyọ kan náà. Lọ́dún 2010 ó di méjì, ṣùgbọ́n ará Mozambique kan ló gbá ọ̀kan nínú wọn sínú ilé ara rẹ̀. Ọdún 2019 tí gbogbo wa ṣì ń fi yangàn, tí wọ́n fi dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ, wọn kò borí ẹnikẹ́ni nínú ìṣẹ́jú 90. Wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, Guinea-Bissau àti Cameroon, wọ́n tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Mòrókò, pẹnáríti ló gbé wọn kọjá, kí Senegal tó fi góòlù kan ṣoṣo dá wọn padà sílé.

Ti ọ̀tẹ̀ yìí ńkọ́? Kóńgò Kinshasa lù wá 1-0. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, a lu Botswana 1-0, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Benin borí nínú eré kan ní Ife Áfíríkà láti ìgbà tí wọ́n ti ń lọ. Senegal lù wá 3-0, Íjíbítì sì parí rẹ̀. Góòlù méjì nínú eré mẹ́rin. Yohan Roche, tó jẹ́ ará ẹ̀yìn, ló jẹ èyí àkọ́kọ́. Jodel Dossou, tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ló jẹ èkejì. Lọ́dún 2022 ni wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà kúrò ní Ọ̀kẹ́rẹ́ sí Guépards, ẹranko tí kò sí èyí tó lè bá a sáré lórí ilẹ̀. Orúkọ náà dára. Àwọn tó ń gbá iwájú nìkan ni kò tíì gbọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó dùn wá jù ni ti Ife Àgbáyé 2026. Ìsọ̀rí tó ní Naijíríà, Gúúsù Áfíríkà, Rwanda, Zimbabwe àti Lesotho ni Benin wà, eré mẹ́wàá sì ni wọ́n gbá. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú Uyo ní Naijíríà lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 fún eré ìkẹyìn, Benin ló wà lókè pátápátá pẹ̀lú àmì 17. Gúúsù Áfíríkà ní 15, Naijíríà ní 14. FIFA tilẹ̀ ti gba àmì mẹ́ta lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà nítorí pé wọ́n lo Teboho Mokoena lọ́jọ́ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá. Ọ̀nà là gbalaja. Lọ́jọ́ yẹn Naijíríà lù wá 4-0, Victor Osimhen nìkan jẹ mẹ́ta. Gúúsù Áfíríkà lu Rwanda 3-0, wọ́n di 18, àwọn ló ń lọ.

Uyo ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí. Àwa ní kí ẹ padà sẹ́yìn, sí ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2023, eré kejì nínú mẹ́wàá náà. Lọ́jọ́ yẹn Benin àti Lesotho gbá òdo sí òdo. Ká ní góòlù kan ṣoṣo wọlé, àmì kan tí wọ́n gbà ìbá di mẹ́ta, 17 ìbá di 19. Pẹ̀lú gbogbo ìyà tí wọ́n jẹ ní Uyo, Benin ni ìbá wà níwájú Gúúsù Áfíríkà. Ẹ tún un ṣírò bí ẹ bá fẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Zimbabwe. Góòlù kẹta níbẹ̀ ìbá ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tó tún wá fi ata sójú egbò ni pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Benin lu Lesotho yìí kan náà 4-0. Góòlù kẹrin ọjọ́ náà kò fi àmì kankan kún tiwa. Ẹyọ kan lọ́dún 2023 ìbá ti fi méjì kún un.

Góòlù 12 ni Benin jẹ nínú eré mẹ́wàá. Ẹ yọ mẹ́rin ti Lesotho kúrò, ó ku mẹ́jọ nínú eré mẹ́sàn-án.

Ta ni kí á bá wí? Steve Mounié ni ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi. Parakou ni wọ́n bí i sí, kò jìnnà sí wa, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún Huddersfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brest ní Faransé àti Augsburg ní Jámánì. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ ojú ilé. Ohun tí ojú wa ń rí ni pé òun nìkan ló sábà máa ń wà níwájú, láàárín àwọn ará ẹ̀yìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù gígùn sí i látòkèèrè. Bó bá fi orí kàn án, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí yóò gbà á. Gernot Rohr tó kó wọn lọ sí Mòrókò, ọmọ Jámánì tó ti kọ́ Naijíríà láti 2016 sí 2021, ilé ni ó kọ́kọ́ ń tì. A kò ní bú u nítorí ìyẹn. Ìlẹ̀kùn títì náà ni wọ́n fi lu Naijíríà 2-1 ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ọjọ́ tí a kò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí alátakò bá kéré, tó sì ti ilé tirẹ̀ náà pa, ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ẹ wo Cape Verde, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600, tí wọ́n gba ìwé Ife Àgbáyé ní ọjọ́ kan ṣáájú ìjákulẹ̀ wa ní Uyo. Àwa ju mílíọ̀nù 13 lọ.

Ohun kan wà tí àwọn ará ìlú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Gbogbo eré márùn-ún tó yẹ kí Benin gbá nílé nínú ìdíje Ife Àgbáyé náà, Abidjan ni wọ́n ti gbá a. Ará Manigri tó bá fi owó kájú rẹ̀ sílẹ̀ lè wọkọ̀ dé Kútọnú kó sì padà. Ta ni yóò lọ sí Abidjan? Gúúsù Áfíríkà wá lù wá 2-0 níbẹ̀, bí ẹni pé àlejò méjì ló pàdé lójú ọ̀nà. Agbábọ́ọ̀lù tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ lẹ́sẹ̀ ní ìṣẹ́jú 80 nílò ariwo tí yóò tì í síwájú.

Àkókò yìí ni igi kájú ń yọ òdòdó ní àgbègbè wa. Bí igi bá yọ òdòdó rẹpẹtẹ tí kò so, àgbẹ̀ á wo ọyẹ́, á wo bí àwọn igi náà ṣe súnmọ́ra tó, á bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tó roko ìdí wọn gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹni tó bá yára jù ni wọ́n ń fi síwájú. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró kí bọ́ọ̀lù tó dé, tàbí bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Ojú ilé wọn kò ní àwọ̀n, nítorí náà bọ́ọ̀lù tó bá wọlé á tún sá wọ inú igbó lọ, ìdajì àkókò eré ni wọ́n fi ń wá a. Ìjọba ti kọ́ pápá ìgbàlódé sí ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ wa, a sì dúpẹ́. Kí àwọn alága wa ní Bassila sọ fún wa iye eré tí àwọn ọmọ ọdún 12 sí 15 ń gbá lọ́dún kan, àti ẹni tó ń kọ́ wọn. Àwọ̀n méjì àti bọ́ọ̀lù mẹ́wàá fún ilé ìwé kan kò tó owó tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tí a gbá Íjíbítì.

Ìdíje tí yóò yan àwọn tó máa lọ sí Ife Áfíríkà 2027 ní Kenya, Tanzania àti Uganda ló kàn. Lọ́jọ́ tí Benin bá pàdé ẹgbẹ́ kékeré nínú rẹ̀, ẹni méjì la fẹ́ rí níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má ṣe dúró di ìṣẹ́jú 75 kí wọ́n tó rán ẹnìkejì wọlé. Kí ẹ̀yin tó ń wò ó ní Bassila àti Manigri bá wa ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Mounié níwájú ilé àwọn alátakò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.