Àgbò Tó Tàdí Mẹ́yìn Kì Í Ṣe Ojo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo wa jọ pa tì láti òní lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni: "Ṣé ìwọ nìkan lẹsẹ̀ ń dùn ni? Fara dà á!" Kò sí ẹni tó ń bá wa sáré láàárọ̀ tí kò tíì gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ti sọ ọ́. Àwa tí a ń kọ èyí náà ti sọ ọ́, ó sì ti ba nǹkan jẹ́ lójú wa. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Nínú àwa tí a máa ń sáré ní ìdájí lójú ọ̀nà ọ̀dà tó lọ sí Pọ̀bẹ̀, aránṣọ kan wà. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Láti ìgbà tó ti kúrò níléèwé, kò sáré mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bá wa jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mímí rẹ̀ ti já geere, inú rẹ̀ ń dùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó bá àwọn tó ti ń sáré láti ọdún márùn-ún sá kìlómítà 10. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ojúgun ọ̀tún ń dun òun. Ó ní ibì kan ṣoṣo ni, òun lè fi ìka kàn án. A rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú wa ní kó lọ ra oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹlòmíràn ní kó fi omi gbígbóná jó o, kó wá fi ìpara tó ń ta lára ra á dáadáa. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ó tún fi ọ̀sẹ̀ méjì sáré lé ìrora náà lórí, nítorí pé kò fẹ́ ká pe òun ní ọ̀lẹ.

Lọ́jọ́ tí kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ mọ́, a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Rádíò àkọ́kọ́ tí wọ́n yà fún un kò fi nǹkan kan hàn. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn kan nínú wa sọ? "Ṣé ẹ rí i, kò sí ohun tó ṣe é." A ò mọ̀ pé bí eegun bá sán fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, rádíò lè má rí i ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kejì, ibi tó sán náà hàn kedere. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sáré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Aránṣọ ni o! Ẹsẹ̀ ló fi ń wa ẹ̀rọ rẹ̀. Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé tó ti gba owó sílẹ̀ lé lórí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní láti dá owó olówó padà. Àwa tí a ní kó fara dà á, ta ló bá a san án nínú wa? Kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀lẹ kọ́ ló ṣe ọmọ yìí. Ara rẹ̀ ni kò dọ́gba. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ́ ọn lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí á ti já geere. Ṣùgbọ́n eegun àti iṣan tó so mọ́ eegun kì í yára bẹ́ẹ̀, oṣù ni tiwọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: èémí rẹ̀ á máa sọ fún un pé "máa lọ", nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì ń bẹ̀ ẹ́ pé "dúró dè mí".

Ẹ bi àwọn àgbà tó ti mọ ilé alámọ̀ rí. Wọn kì í mọ ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé lọ́jọ́ kan. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ọjọ́ tí wọn ò ṣiṣẹ́ lórí ògiri yẹn, ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n? Ọjọ́ yẹn gan-an ni ògiri ń le. Bí eegun náà ṣe rí nìyẹn. Eré ń dá ọgbẹ́ kéékèèké sí i lára, ìsinmi ló ń tún un mọ kó lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń gbé amọ̀ tútù lé amọ̀ tútù, kó má bínú bí ògiri bá wó.

Àwọn kan á ní: "Ṣebí àwọn baba wa fẹsẹ̀ rìn láti Kétu dé Ìmẹ̀kọ, tẹrùtẹrù, kò sí ohun tó ṣe ojúgun wọn." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ẹsẹ̀ wọn ti ń kọ́ ọ. Àwa tí a jókòó sídìí ẹ̀rọ tàbí tá a wà lórí ọ̀kadà láti àárọ̀ dalẹ́, oṣù kan péré la fẹ́ fi gba ohun tí wọ́n fi ọdún ogún gbà. Ká má fi orúkọ baba wa bo ìwàǹwára wa mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní akọni kì í dúró. Ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris, Eliud Kipchoge ọmọ Kẹ́ńyà, ẹni tó ti gba wúrà eré máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, dúró lẹ́yìn kìlómítà 30. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Gbogbo ayé ń wò ó, síbẹ̀ ó dúró. Ta ni nínú wa ló máa pe Kipchoge ní ojo? Bí ọ̀gá gbogbo wa bá lè dúró, èwo ni ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà?

Ká tún sọ ti oògùn. Ìránṣẹ́ ni ìrora. Oògùn lè pa ìránṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́, àmọ́ iṣẹ́ tó wá jẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó gbé oògùn mì kó lè sáré, kò rí i pé eegun òun ń sán sí i ni. Àwọn kan nínú oògùn yìí ń ba inú àti kíndìnrín jẹ́, pàápàá bí òógùn bá ti gbẹ omi ara tán. Ti tramadol tí àwọn ọmọ wa ń gbé mì bí ẹní jẹ ẹ̀pà, ẹ ti rí ohun tó ń ṣe. Ó ń di bárakú, ó sì ń pani.

Ṣùgbọ́n a ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní "eré kì í ṣe tìẹ, fi í sílẹ̀" náà. Ìyẹn tún burú. Ohun tó yẹ ká máa sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí ẹran ara ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń ro ọ́, tó sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àárẹ̀ ni, máa rọra ṣe é. Bó bá jẹ́ ojú kan lórí eegun ló ń dùn, tó ń le sí i bó o ṣe ń sáré, tó ń mú ọ tiro, tàbí tó ń jí ọ lóru, dúró lọ́jọ́ náà. Má jẹ́ kí wọ́n fi ipá ra á. Lọ rí oníṣègùn, bí ìrora bá sì ń bá a lọ, padà lọ rí i, kódà bí rádíò àkọ́kọ́ kò fi nǹkan hàn.

Bí wọ́n bá ti yọ̀ǹda fún ọ, rìn ná. Ìgbà tó o bá lè rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ìrora ni kó o tó sá ìṣẹ́jú kan, kó o rin méjì, ọjọ́ kan sáré, ọjọ́ kan sinmi. Bí ìrora bá padà dé, ìwọ náà padà sẹ́yìn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Noélie Yarigo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tiwa, ẹni ọdún 38 ni nígbà tó gba ipò kẹta nínú eré 800 mítà níbi ìdíje àgbáyé abẹ́ òrùlé ní Glasgow lọ́dún 2024. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kì í ṣe nǹkan kan nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọmọ jáde láàárọ̀, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹni tó bá fara pa, ẹ má jẹ́ kó dá jókòó sílé. Ẹ ní kó wá máa ka àkókò, kó máa bá wa mú omi dání, kó máa rí wa. Aránṣọ wa kò jáde sí wa fún oṣù méjì nítorí ìtìjú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa ló yẹ kójú tì. A ti lọ bá a nílé, a sì ti tọrọ àforíjì. Ó ti ń rìn bọ̀ wá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sá ìṣẹ́jú kan, ó rin méjì, lẹ́ẹ̀mẹfà. A tún pàtẹ́wọ́ fún un, èyí ló sì tọ́ sí àtẹ́wọ́ ju kìlómítà 10 ọjọ́sí lọ.

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Bẹ́ ẹ bá tún gbọ́ "fara dà á" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ dá a lóhùn pé: "Jẹ́ kó gbẹ ná."